Apá Bàálù Tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Ya

Ní Lazaret, àdúgbò kan ní Niamey, olú ìlú ilẹ̀ Niger, ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣe bàálù kéékèèké. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí máa ń rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń sọ. Bàálù tó ń gbé èèyàn méjì fò ni. Àwọn irin rẹ̀ á dé láti ilẹ̀ Faransé nínú àpótí, àbúrò mi á tò wọ́n, á de ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, èmi tí mò ń ta aṣọ lọ́jà á sì rán apá rẹ̀, nítorí aṣọ ni apá náà látòkèdélẹ̀. Àwọn tó ń wá ibi tí eéṣú bà sí nínú pápá ló ń rà á.

Lọ́dún ìbò kan, ọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú wá bá wa. Ó ní kí àbúrò mi gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kó fi da bébà ìpolongo sórí àwọn èrò níbi ìpàdé wọn.

"Kò ṣeé ṣe, ọ̀gá," ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀yìn ni abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì wà. Bí atẹ́gùn bá gbé bébà wọ inú rẹ̀, orí àwọn èrò yẹn náà la máa já lé."

"Àbí ẹgbẹ́ kejì lò ń ṣe?"

"Bàálù ni mò ń ṣe."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò mi wà ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí àwọn géńdé kan wọlé tọ̀ mí níbi iṣẹ́ wa pẹ̀lú ọ̀bẹ. Fìlà ẹgbẹ́ ọkùnrin yẹn ló wà lórí wọn. Wọ́n ní ìbọn làwọn ń wá. Ìbọn wo ló fẹ́ fara pamọ́ sínú aṣọ tí oòrùn ń là kọjá? Mo dúró síwájú bàálù náà, ọ̀kan nínú wọn tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ya apá méjèèjì láti ìdí dé ṣóńṣó.

Mo ká aṣọ yíya náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ta ló rí wọn, Madamu?" ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì bi mí.

"Èmi ni. Mo sì mọ ẹni tó rán wọn."

"Àsìkò ìbò la wà. Ẹ ní sùúrù. Àti pé ẹ̀yin ará Nàìjíríà, aṣọ lẹ máa ń tà níbí. Kí lẹ wá ń wá nídìí bàálù?"

"Ìlú yìí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí," mo dá a lóhùn. "Bó bá sì jẹ́ àlejò ni wá, ṣé ọ̀bẹ lẹ fi ń kí àlejò?"

Ó ní kí wọ́n mú mi jáde.

Mo rán apá mìíràn. Ìbínú ni mo fi rán an, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mò ń tú u, mò ń tún un rán, torí apá bàálù kò gbọdọ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ rà á ti gbọ́ pé wọ́n wá ìbọn nínú rẹ̀. Wọn ò yọjú mọ́. Ẹgbẹ́ ọkùnrin yẹn wọlé ìbò. Kò pẹ́ tí mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nínú agbádá funfun, ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, kí wọ́n yé sá kúrò nílùú. Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Àgbẹ̀ olówùú kan ní Parakou, ní ilẹ̀ Benin, ló ra bàálù náà níkẹyìn. Ó ní kí àbúrò mi wá máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún," ó wí ní ibùdókọ̀.

"N kò sunkún. Inú ló ń bí mi."

Ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, mo sì máa ń lọ kí i. Àmọ́ ìlú tí wọ́n bí i sí ló yẹ kó ti máa ṣe bàálù rẹ̀. N kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn.