Mọ́mì Oníke

Ọjọ́ tí wọ́n ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Odigbo ni Ìyáàfin Ọláyídé Akínwọlé lé mọ́tò àlejò pàtàkì títí dé Ore. Àlejò náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ikọ́ gbé e. Kò sí omi lórí tábìlì, nítorí Ìyáàfin Akínwọlé, olùkọ́ ìtọ́jú ilé tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Mọ́mì, ti kó gbogbo omi inú ọ̀rá kúrò níbẹ̀ láàárọ̀. Kíá ló gbé ike omi tirẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà mu ún gbẹ. Nígbà tí ayẹyẹ parí, ó gbé ike náà dání wọ mọ́tò, ó ti gbàgbé pé kì í ṣe tòun.

Mọ́mì bọ́ bàtà, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà Levi, ọlọ́kadà ẹnu géètì. “Tẹ̀ lé mọ́tò dúdú yẹn!”

Levi tẹná mọ́ ọn. Oríta Ore, níbi tí tírélà ti dí ọ̀nà, ni wọ́n ti bá wọn.

“Mọ́mì, ṣé owó ló wà nínú ẹ̀ ni?” ni Levi bi í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ó ti mu ún tán.”

Àlejò dá ike padà, ó sì tọrọ àforíjì. Mọ́mì ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n nígbà míì kó máa gbé tirẹ̀ wá.

Ike ọ̀hún tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tó tẹ̀ náà sì ní ìtàn. Lọ́dún kan, Mọ́mì ní àgbọ̀nrín ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóko kòkó ọkọ òun ní Ajue. Nígbà tó di ọdún kejì, àgbọ̀nrín ti di ẹfọ̀n.

“Mọ́mì, ẹfọ̀n kẹ̀?” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi í.

“Ó ti dàgbà ni.”

Ṣùgbọ́n ìjà tó ń bá ọ̀rá jà kì í ṣe àwàdà. Lọ́dún tí òjò pọ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà dí gọ́tà ọgbà ilé ìwé, omi ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, díẹ̀ ló kù kó gbé ọmọ kan lọ. Mọ́mì wà lára àwọn tó fà á jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yọ àwọn aláṣẹ lẹ́nu, títí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ omi mímu síwájú láíbìrì.

Ẹ̀rọ dé, àwọn ọmọ kò gbé ike wá. “Ẹ má bínú, Mọ́mì,” ni Jésùtọ́pẹ́, ààrẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, sọ. “A kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń gbé ike omi kọ́rùn.”

Ìdánwò ló yí i padà. Ẹnì kan rí Mọ́mì, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó dijú gbàdúrà nídìí ẹ̀rọ kó tó mumi. Ọ̀rọ̀ ràn ká ọgbà bí iná inú ọyẹ́: omi Mọ́mì ń mú èèyàn yege! Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti tò síwájú ọ́fíìsì rẹ̀, kálukú pẹ̀lú omi inú ọ̀rá.

“Ẹ lọ kàwé!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ ṣáà gbàdúrà sí i.”

Mọ́mì wo ọ̀rá, ó wo wọn, ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. “Mi ò lè gbàdúrà sí ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ àdúrà, kó gbé ike wá.”

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ike ti tán lọ́jà Ore. Jésùtọ́pẹ́ tí kò rí rà fọ kẹ́ẹ̀gì epo pupa ìyá rẹ̀ wá. Mọ́mì gbàdúrà tọkàntọkàn, kò yọ kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

Èsì jáde, Jésùtọ́pẹ́ fìbínú wọlé. “Mọ́mì, mo fìdí rẹmi!”

“Omi lo ní kí n gbàdúrà sí. Ṣé inú run ẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Àdúrà gbà nìyẹn.”

Síbẹ̀, ilé rẹ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi yege. Nígbà yẹn, ike ti mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, wọn ò rántí àdúrà mọ́.

Ìgbà òjò tó kọjá ni Mọ́mì kú, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Jésùtọ́pẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí Bàbá Akínwọlé, ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń sọ ìtàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

“Lórí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ló máa ń bá èmi jà,” ni bàbá wí. “Á ní n kì í pa á dáadáa. Láàárọ̀ yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó máa kán tó-tó-tó. Mo jókòó, mò ń retí kó pariwo orúkọ mi.”



“Kí lẹ wá ṣe, sà?” ni Jésùtọ́pẹ́ bi í.

“Mo bá a pariwo orúkọ mi, bó ṣe máa ń pè é gan-an. Mo wá dìde, mo lọ pa ẹ̀rọ.”