Ooru Àtẹ́lẹwọ́ Lois Olúbọ̀dé

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Lois Olúbọ̀dé fi ń ti Abẹ́òkúta lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, tó sì ń padà wálé lójúmọ́. Ẹni tó bá ti ń fi aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí jáde nílé láti ìgbà yẹn wá, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ mọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì o, ọdún kejì rèé, ṣùgbọ́n títí dòní, eré ló máa ń sá mu ẹ̀kọ, bí ẹni pé bọ́ọ̀sì fẹ́ já a sílẹ̀.

Èémí ló wá ń já a sílẹ̀ báyìí. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní Adigbe, òun ló ń léwájú àwọn olóhùn áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ọláìtán, ọ̀gá akọrin, wá kọ orin tuntun kan fún ìsìn Ìkórè. Ìlà tó kẹ́yìn, tí Lois yóò dá kọ, gùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì gbọ́dọ̀ mí kó tó kọ ọ́ délẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni Lois gbìyànjú, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lèémí tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọláìtán fọwọ́ họrí.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, a ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí kò bá wá ṣeé ṣe, ẹ ó máa bá ìjọ jókòó."

Lois kó ìwé orin rẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó délé ló sunkún. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àárín àwọn akọrin yẹn nìkan ló ti ń mọ̀ pé òun ṣì wúlò.

Mùtíù, aládùúgbò rẹ̀, ló ràn án lọ́wọ́. Mùtíù ti fi ìgbà kan wakọ̀ fún àwọn Ṣáínà tó ń wọn ilẹ̀ kiri, bàbá arúgbó kan láàárín wọn ló sì kọ́ ọ ní táì-ṣí, eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń rìn nínú omi. Ó tún kọ́ ọ ní èyí tó jẹ́ ti mímí, tí wọ́n ń pè ní ṣì-gọ́ǹgì. Láràárọ̀, tí Mùtíù bá ti kírun Àsùbáà tán, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń dúró sí tí yóò máa gbọ́wọ́ sókè sódò. Lois ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

"Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, Mọ́mì," Mùtíù wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ẹ ṣe ọwọ́ bí ẹni gbá ìkòkò mọ́ra. Ẹ mí sínú kí ikùn yọ síta, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa jáde fúnra ẹ̀."

Lois ṣe é. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi parí ẹ̀, ó ní kí ló tún kù. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Mùtíù.

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń lé wa o! Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, gígùfẹ̀ ni Lois ń gùfẹ̀, tó tún ń yán. Lọ́jọ́ kẹta, itan rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìka, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára, lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbóná fòò. Ara rẹ̀ sì balẹ̀ lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà ọmọge rẹ̀.

Ó yẹ kó gbẹ́nu dákẹ́. Ó lọ sọ fún Priscilla, akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Priscilla gbá ọwọ́ náà mú.

"Yéè! Ẹ̀bùn ìwòsàn ti bà lé ọ, Lois!"

Ó gbé ọwọ́ náà lé orúnkún ara rẹ̀ tó ń dùn ún, ó jókòó tì í fún bíi wákàtí kan, ó dìde, ó ní ìrora ti lọ. Àbùṣe bùṣe. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, obìnrin méje ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lois, eléyìí di orí mú, tọ̀hún di ìbàdí mú. Ọláìtán pàápàá pè é lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ má dààmú nípa Sátidé mọ́. Ta lèmi tí màá yọ ẹni tí Olúwa fọwọ́ kàn?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ó dùn mọ́ Lois. Àyè rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìkọrin. Síbẹ̀, ó bi Mùtíù léèrè lórí ògiri tó là wọ́n láàárín bóyá ẹ̀bùn ìwòsàn ni lóòótọ́.

"Ọwọ́ tèmi náà ń gbóná," Mùtíù dáhùn. "Ẹ̀jẹ̀ ló ń rìn dáadáa. Ọ̀gá mi ará Ṣáínà máa ń sọ pé agbára inú ara ni, ṣì ni wọ́n ń pè é. Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín ń dun ọ̀gá náà, dókítà ló yọ ọ́ fún un."

Lois rẹ́rìn-ín, ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tẹjúmádé ló kàn, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mo ti kó oògùn mi dà nù láàárọ̀ yìí," Tẹjúmádé wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ọwọ́ yín ti tó mi."

Lois fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ro orin, ó ro àyè rẹ̀, ó wo ojú obìnrin náà, ó sì dìde dúró.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Kì í ṣe ẹ̀bùn ìwòsàn. Mímí ni mò ń kọ́ lọ́dọ̀ Mùtíù, òun ló ń mú ọwọ́ mi gbóná. Tẹjúmádé, gbéra, a ń lọ ra oògùn míì báyìí."

"Orúnkún mi ńkọ́?" Priscilla figbe ta.

"O sinmi fún wákàtí kan, Priscilla! Ìgbà wo lo sinmi kẹ́yìn?"

Wọ́n fi ìbínú túká. Lois àti Tẹjúmádé ra oògùn dé, Lois sì dúró títí Tẹjúmádé fi lò ó. Nígbà náà ló pe Ọláìtán, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní òun ń bọ̀ wá kọrin ní Sátidé.

Ní Sátidé yẹn, Priscilla kò wo ojú rẹ̀. Ọláìtán tẹ dùùrù. Ìbẹ̀rù wà lára Lois, ṣùgbọ́n kò borí rẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó mí sínú títí ikùn rẹ̀ fi ti bẹ́líìtì aṣọ rẹ̀. Ó mú orin náà, kò sáré. Ibi tí èémí ti máa ń tán, ó kọjá níbẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ èyí tó kẹ́yìn, ó fà á gùn tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọláìtán gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó nawọ́ sí àyè Lois láàárín àwọn olóhùn áltò. Èémí ṣì kù nínú Lois, òun ló fi bú sẹ́rìn-ín.