Ọjọ́ Tí Mo Ka Ìwé Mi fún Àwọn Àgbẹ̀ Ògìdì

Mo rántí ọdún tí mo pinnu pé n ó mú àpérò gbogbo ayé wá sí Kàbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀ ni, iṣẹ́ náà sì ń pa mí bí ọtí. Àpérò ọ̀hún dá lórí pé kí ìwádìí má ṣe wà nínú àpótí mọ́, kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì lè bi ẹni tó ṣe é léèrè ọ̀rọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlú tó bá wù ú lè ṣe ìpàdé tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn kiri Kàbà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ayé gbọ́ ni ìwé tí mo fi gba oyè kejì, lórí bí àwọn ará Ògìdì ṣe ń dáko iṣu. Ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ni mo ti lọ bá wọn lóko. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n fi iṣu sísun àti epo ṣe mí lálejò. Mo kọ ìwé, mo gboyè, ìwé yẹn ló sì gbà mí síṣẹ́. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé n ó padà wá sọ ohun tí mo rí. N kò padà. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ni mo máa gùn débẹ̀, nítorí náà n kò lè purọ́ pé ọ̀nà ló jìn.

Nígbà tí mo wá lọ pe ìyá tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀ Ògìdì pé kó wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wa, mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lágbègbè wa pé, "Okun o, màmá." Ó dáhùn dáadáa, ó béèrè bàbá mi, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè gbogbo ará ilé, ó sì fún mi ní ìjókòó. Ìgbà tí a parí ìyẹn ló bi mí pé ìwé ọjọ́sí dà. Mo ní ó wà ní ilé-ìkàwé yunifásítì. Ó ní ta ló ń kà á níbẹ̀. Ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ tuntun kankan nígbà tí òun kò tíì gbọ́ ibi tí ti àtijọ́ já sí, àfi bí mo bá máa ka ìwé náà fún wọn lọ́jọ́ ìpàdé, ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Mo gbà kíá, torí mo rò pé wọ́n kàn máa pàtẹ́wọ́ fún mi ni. Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, a ní kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun.

Ọjọ́ pé. Bọ́ọ̀sì méjì tó kún fún àwọn àgbẹ̀ Ògìdì dé sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀gá ẹ̀ka wa jókòó sí iwájú. Ọmọ Ígálà ni, kò gbọ́ Yorùbá, oṣù yẹn gan-an ló sì yẹ kó fọwọ́ sí i bóyá n ó dúró lẹ́nu iṣẹ́ tàbí n ó máa lọ sílé. Pásítọ̀ gbàdúrà gígùn, Àfáà náà kò sì jẹ́ kí tirẹ̀ kúrú jù ú lọ. Nígbà tí àdúrà parí, ojú obìnrin tó ń darí àpérò náà lókè òkun ti ń wò wá lára ògiri tí a tan àwòrán rẹ̀ sí láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbẹ̀ kí i pé okun, òun náà gbìyànjú, ó ní okun, inú gbogbo ilé dùn.

Èmi nìkan ni ògbufọ̀. Mo ń ka ìwé ní Yorùbá, mo sì ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará òkè òkun. Ó ń lọ geere títí mo fi dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé iye ebè tí àwọn ará Ògìdì ní àwọn ń kọ kéré jọjọ, pé ó yẹ kí ìjọba wá kọ́ wọn bí a ṣe ń dáko ńlá. Ẹ̀rín bú. Bàbá kan fi fìlà nu omi ojú. Ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ èjìká ẹni tó jókòó tì í.

Ìyá náà ló ṣàánú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ní ń ka ebè rẹ̀ fún àlejò? Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún, igba ló máa pè é fún ọ. Ìwọ ló yẹ kó o fi kún un."

Ìlú ni wọ́n ti tọ́ mi, olùkọ́ ni bàbá mi, olùkọ́ ni ìyá mi. Ohun tí ọmọ ọdún méje mọ̀ ní Ògìdì, pé ènìyàn kì í ka ebè bí kì í ti í ka ọmọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ìwé mi ti fọ́ yángá lójú ara mi. Obìnrin orí ògiri wá béèrè pé kí ni àwọn ènìyàn wa ń rín. Ọ̀gá mi náà yíjú sí mi, ó ń retí ìdáhùn.

Irọ́ ti dé ẹnu mi. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé inú wọn ń dùn sí iṣẹ́ mi ni, kò sì sí ẹni tí mo rò pé ó lè já irọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn tó fi iṣu ṣe mí lálejò, ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé èmi ni wọ́n ń rín, pé ohun tí mo kọ kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé ká ní mo padà wá bí mo ṣe ṣèlérí ni, wọn ì bá ti tún un ṣe tipẹ́.

Obìnrin náà ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àpérò ọ̀hún, ó ní kí wọ́n tún un ṣe báyìí. Wákàtí kan di méjì. Wọn kò sọ iye ebè wọn fún mi lọ́jọ́ náà o. Wọ́n ní kí n béèrè ọjọ́ mélòó ni àwọn tí wọ́n bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ fi bá wọn kọ ebè, àti ènìyàn mélòó ló wá, kí èmi fúnra mi lọ ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n kọ ìwé náà tuntun, ó sì fọwọ́ sí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì padà, ìyá náà fà mí sẹ́yìn, ó bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì tó dán ju tèmi lọ. Àṣé olùkọ́ ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì sóko. Ó wá padà sí Yorùbá, ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ká ní o purọ́ ni, èmi ni ǹ bá túmọ̀ fún ọ̀gá rẹ."

Ní báyìí, kò sí ìwé tí mo kọ tí kì í kọ́kọ́ lọ sí Ògìdì. Wọ́n máa ń rí àṣìṣe níbẹ̀, mo sì máa ń gbé e wálé lọ tún un ṣe. Lọ́dún tó kọjá, mo ka tuntun kan fún wọn tán, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó mi orí. Inú mi dùn, mo ní mo ti wá mọ̀ ọ́n tán. Ìyá náà fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ní èyí tí àwọn sọ fún mi ni mo mọ̀ tán.