Bàsíà Tí Mo Yí

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn omi òjò tó pẹ́ nínú bàsíà, ẹ̀yìn ilé wa ní Ìgàndó ni ọkàn mi máa ń lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ òórùn yẹn, ó jọ ti koríko tútù. Bàsíà funfun kan ni ìyá mi ń gbé sábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láti fi gba omi tá a máa fi fọṣọ. Odò jìnnà nígbà yẹn. Omi òjò yẹn ni ìsinmi ìyá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, mo rí i pé omi náà ti ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò kárí. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gbangba ló kó jọ sí. Ti ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́ kedere. Mo rọra yí bàsíà náà, àwọ̀ ewé bọ́ sọ́dọ̀ ògiri, mo gba ilé ìwé lọ. Nígbà tí mo dé, ó ti padà sápá gbangba.

Mo sáré pe ìyá mi. "Màámi, nǹkan inú omi yìí ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá."

"Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?" Ó wojú mi. "Kí lo dà sínú omi mi?"

Ó da omi náà nù, ó ní kí n fi iyanrìn fọ bàsíà. Kì í ṣe ìkà o. Òun náà ló máa ń sọ fún wa pé, "Ohun tó o bá fojú rí ni kó o sọ." Mo sì sọ ọ́. Látọjọ́ náà, Olómi-Ń-Rìn ni gbogbo agbo ilé ń pè mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àdùkẹ́ ọmọ ọmọ mi, tó ń kàwé ní yunifásítì, kó ìgò kéékèèké wá, ó fẹ́ bu omi nínú drọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé mi. Mo ní kó má bu àárín, kó bu ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Màmá àgbà, ta ló sọ fún yín?"

Mo ròyìn bàsíà ọjọ́sí fún un. Ó ní ohun ẹlẹ́mìí ni àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé inú omi yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, síbẹ̀ ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí oríṣi wọn ṣe pọ̀ tó, àti bí wọ́n ṣe ń yí padà láti ìwáṣẹ̀, lòun ń kọ́.

Ìyá mi ti lọ, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ bá jà. Ọmọ kékeré tí mo jẹ́ nígbà yẹn ṣáà gbọ́n jù mí lọ: ó yí bàsíà kó lè mọ̀. Èmi tó dàgbà, nítorí pé wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, mi ò tún yí bàsíà kankan wò mọ́ títí Àdùkẹ́ fi dé.