Ọjọ́ Tí Tọ́lá Kọ́kọ́ Wọ Bàtà Síkì

Òórùn ẹsẹ̀ àjèjì ni mo fi kọ́kọ́ mọ bàbá mi ní Dagenham. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ibì kan tí wọ́n ti mọ òkè atọwọ́dá, tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ síkì, ìyẹn fífi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ni Bàbá ti ríṣẹ́, nídìí káńtà tí wọ́n ti ń fún àwọn oníbàárà ní bàtà. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, òórùn ìbọ̀sẹ̀ tó tutù, ti ike, àti ti oògùn tí wọ́n ń fín sínú bàtà kí ó má baà rùn ló máa ń ṣáájú wọn wọlé. Wọ́n á fi jákẹ́ẹ̀tì wọn kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi á sì yọ́ lọ síbẹ̀ lọ ki imú bọ apá rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni.

Màámi ló kọ́kọ́ wá sí ìlú yìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé wọn wá, wọ́n sì kó èmi àti Tọ́lá àbúrò mi dání nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n rá. Ìwé ìrìnnà Bàbá há síbì kan fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Tọ́lá ti pé mẹ́ta, ọwọ́ mi ló sì wà. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa máa ń jókòó tì wá bí Màámi bá lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ èmi ni mò ń bọ́ Tọ́lá, èmi ni mò ń nu ìdí ẹ̀, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n títí á fi sùn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí obìnrin nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́kàn tèmi, èmi ni mo bí i.

Tọ́lá ò gbà pé Bàbá ni bàbá òun rárá. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ, gbogbo ọkùnrin ni Ọ́ńkù, nítorí náà Ọ́ńkù ló pe èyí tó ṣàdédé dé sínú yàrá ìyá ẹ̀. Bí Bàbá bá nawọ́ sí i, á sá sẹ́yìn mi, á di yẹ̀rì mi mú. Ó ń dun Bàbá. Mo máa ń rí i nídìí oúnjẹ, wọn ò ní gbójú sókè títí abọ́ á fi gbẹ. Màámi á ní, "Ẹ fara balẹ̀, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní ṣé àwọn wá ni ẹlẹ́dẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, bí Tọ́lá ṣe ń sá fún wọn dùn mọ́ èmi nínú.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Bàbá ní Ṣàgámù kí wọ́n tó wá, ohun tí wọ́n bá sì rí, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u wò. Wọ́n á máa ṣàlàyé fún wa pé bàtà síkì le bí àpáta kí ọrùn ẹsẹ̀ má baà yí, pé pákó tí ọmọdé á fi yọ̀ kò gbọ́dọ̀ ga kọjá àyà ẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ jù ni ti àwọn ọmọ òyìnbó kéékèèké tó ń bá bàbá wọn wá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní, "Ọmọ tílẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀, ó di dandan kó wá ẹni tó máa dì mú." Ọjọ́ kan ni wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé àwọn fẹ́ kọ́ Tọ́lá ní síkì. Màámi fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Síkì kẹ̀? Ọmọ Ṣàgámù?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹrù síkì nìyẹn. Bàbá fẹ́ wọn ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ ò gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án, èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé páálí tí mo fi bírò yí i po. Bàbá fi ìwọ̀n náà lé Màámi lọ́wọ́ lọ sí ọjà àlòkù tí wọ́n ti ń pàtẹ látinú bútù mọ́tò. Màámi ra jákẹ́ẹ̀tì tó dáa, wọ́n ra akoto pupa tí mo jowú ẹ̀, wọ́n sì ra bàtà tó fi nọ́ńbà méjì ju ẹsẹ̀ Tọ́lá lọ. "Ọmọ ń dàgbà, bàtà kì í dàgbà," ni wọ́n wí. Ta ni nínú wa tí kò wọ kóòtù ilé-ìwé tí apá ẹ̀ bo ìka ọwọ́ mọ́lẹ̀? Bàbá tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sọ fún àwọn òyìnbó pé ìka kan péré ló gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, wọ́n wo bàtà náà, wọn ò sọ̀rọ̀. Àlejò ni wọ́n ṣì jẹ́ nínú ilé ara wọn. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màámi fi dí àyè tó ṣẹ́ kù.

Àárọ̀ Sátidé kan tí òjò winniwinni ń rọ̀ la wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ síbẹ̀. Mo ti rò pé yìnyín ni màá bá. Ike ni, ike funfun tí irun ẹ̀ nà sókè bíi ti ìfọyín, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i kó lè yọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó ń gún mi. Tọ́lá ní tiẹ̀ wo gbogbo funfun yẹn, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà. Ní ìjọ wa, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé, ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì la dé ni. Ẹ̀rín pa Màámi títí wọ́n fi dìrọ̀ mọ́ mi.

Ìdí òkè níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú la wà. Pákó kan ni Bàbá kọ́kọ́ ní kí n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kó máa fi rìn. Lẹ́yìn náà ó di méjì. Wọ́n dúró ní òkèèrè, wọ́n ń kọ́ ọ látẹnu pé kí ó jẹ́ kí àwọn pákó náà fi imú kan imú bó bá fẹ́ dúró. Tọ́lá ń ṣe é. Inú ẹ̀ ń dùn, ó ń wo àwọn pákó náà bíi pé wọ́n á fèsì. Màámi yọ ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́n láti inú báàgì, wọ́n dì í mọ́ ọn nídìí, wọ́n sì fi etí ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n máa tẹ̀ lé e. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ síwájú, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n la apá méjèèjì.

Tọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ. Mò ń sáré jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì bojú wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá ló ń wò. Òun fúnra ẹ̀ na ọwọ́ sí wọn, ó kù díẹ̀ kí ìka wọn kan ara wọn, ni mo bá fa ọ̀já.

Ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan yọ kúrò nínú bàtà ńlá yẹn, bàtà wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ wà lọ́tọ̀. "Àǹtí! Àǹtí mi!" Mo gbé e mọ́ra. Màámi ń wí pé bàtà ni, àwọn ló jẹ̀bi, àwọn ò bá ti ra èyí tó bá a mu. Bàbá ní, "Bàtà yẹn tóbi lóòótọ́," wọ́n sì lọ mú òmíràn wá láti ìdí káńtà wọn. Wọ́n ní, "Bọ́mọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò." Wọ́n fi bàtà náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n wọ̀ ọ́ fún un. Mo rò pé wọ́n máa ní kí Màámi di ọ̀já mú lọ́tẹ̀ yìí. Dípò bẹ́ẹ̀, Bàbá ká etí ẹ̀ wé ọwọ́ mi. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ìgbà tó bá yẹ ká fi í sílẹ̀, ìwọ lo máa mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Tọ́lá yọ̀ lọ, mo rìn tẹ̀ lé e dé ìlàjì, mo wá ṣí ọwọ́. Ọ̀já ń wọ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀. Ó já lọ sáàárín orúnkún Bàbá, ó fi akoto kàn wọ́n láyà, ó sì dì mọ́ wọn lọ́rùn. "Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ kí n tún yọ̀ lọ!" Bàbá jókòó sórí ike tútù yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Èmi náà ń sunkún, mi ò sì mọ̀ bóyá inú mi dùn.

Tọ́lá ti di géńdé ọkùnrin báyìí, kò sì rántí nǹkan kan. Oṣù tó kọjá, Bàbá wá láti Rush Green sọ́dọ̀ wa ní Barking Riverside. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ó ti tó ẹni tó ń kọ́ síkì. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé páálí, wọ́n ń yí i po. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo kàn sọ ọ́ jáde. "Bàbá, bàtà kọ́ ló gbé Tọ́lá ṣubú lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fa ọ̀já."

Wọn ò dá bírò dúró. "Mo rí ọwọ́ ẹ," ni wọ́n wí. "Ìdí tí mo fi dá a padà fún ẹ nìyẹn."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé àjèjì ló wá já ọmọ gbà lọ́wọ́ òun, kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń wo òun pẹ̀lú. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Bàbá wà nígbà náà lọ díẹ̀, mo sì máa ń pe ara mi ní ìyá tó mọ ọmọ tọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni mo rí tó ṣe irú nǹkan yẹn lónìí, mo mọ ara mi, màá gba ọ̀já náà lọ́wọ́ ẹ̀.