Orin Tí Mo Gbè ní Flatbush

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìsẹ́yìn, àgbà kì í lé orin kó tún dá a gbè. Bí ìyá àgbà wa bá lé orin nídìí ààrò, ibi yòówù kó o wà nínú ilé, wàá gbè é. Bó o bá dákẹ́, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ti gbé ahọ́n rẹ tà lọ́jà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń wá nínú orin olórin.

Highbridge ni mò ń gbé, ní Bronx, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ lọ sí Flatbush, lọ tọ́jú màmá kan tó wá láti Haiti. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì wọn, kò mú ẹnu wọn. Creole ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni tèmi, Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì sì ń sọ síra wa, ẹ jẹ́ ká fi bò. Bí mo bá ti ń fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á lé orin. N kò mọ ohun tí orin náà ń wí. Ṣé mo wá lè dákẹ́ ni? Mo mú ìrù rẹ̀, mo fi “ẹsẹ̀ yìí á rìn, á rìn dọ́jà” sí i, mo sì gbè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún un lé.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló kó wa sí wàhálà, n kò sì bá a wí. Akọrin ráàpù ni, ẹnu rẹ̀ yára ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó ń ṣe àwo orin kan tó fẹ́ fi gbé orin àwọn ará ilé rẹ̀ ga, Creole níbí, Faransé lọ́hùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì láàárín. Ó dé bá wa nídìí ẹsẹ̀ wíwọ́ lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè kúrò níbẹ̀. Ó ní àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú àwo náà. Ó bi Màmá, Màmá gbà. Ó bi mí, mo gbà, ó ní ìgbàkígbà tí mo bá ní n kò ṣe mọ́, òun á yọ mí. Ó ta bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé kíṣìnì kí ariwo àwọn ọkọ̀ èrò má baà wọlé, ó gbé gbohùngbohùn sáàárín wa. Ìgbà mẹ́fà la kọ ọ́, nítorí Màmá kò gbà pé èyí tí a kọ tẹ́lẹ̀ dára tó.

Màmá ní ọmọkùnrin kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá kí wọn ní Sátidé. Faransé ló fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Creole ni ìyá rẹ̀ fi ń dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jẹ́ kó gbọ́ orin wa, ojú rẹ̀ le. Ó ní Creole ò ju èdè kíṣìnì lọ, wọn kì í gbé e jáde fún aráyé. Ta ló ní kí wọ́n gbé ohùn ìyá òun sórí àwo, tòun ti ohùn ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́? Ọmọbìnrin náà fi ìbínú wọ yàrá lọ. Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi. Ó ní kí n sọ pé n kò ṣe mọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ohùn èmi àti Màmá ti lọ́ mọ́ra, bí wọ́n bá yọ tèmi, orin náà bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní bí mo bá kọ̀, òun á pe ọ́fíìsì tó rán mi wá kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi.

Mo nílò iṣẹ́ yẹn. Mo sì fẹ́ràn Màmá, ẹ má jẹ́ n purọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Nílé ìwé wa, pátákó kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹni tó bá sọ Yorùbá. Fanákúlà ni wọ́n ń pe èdè tí ìyá wa fi wẹ̀ wá. Bó o bá fẹ́ bọ́ pátákó náà kúrò lọ́rùn, àfi kó o ká ẹlòmíràn mọ́ ibi tó ti ń sọ ọ́, kó o so ó mọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo wá ẹni tí n ó so ó mọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Àbúrò mi obìnrin ló sáré wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òùngbẹ ń gbẹ mí.” Mo bọ́ ọ, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ó ń tì mí lójú títí dòní olónìí.

Ohun tí ọkùnrin yìí ń gbé lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, kí n lọ so ó mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Inú bí mi. Mo ní, “Sir, ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà wọn wà lára fíríìjì.”

Màmá, tí wọ́n jókòó tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀, fi ọ̀pá wọn lu ilẹ̀. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ wọn ní Creole. Ọmọbìnrin náà, tó gbọ́ ọ láti inú yàrá, túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà: “Èdè tí mo fi ké nígbà tí mò ń rọbí rẹ nìyẹn. O gbọ́ ọ, o sì jáde.” Ọkùnrin náà pe ọ́fíìsì síbẹ̀síbẹ̀. Orin náà ti wà nínú àwo báyìí, ohùn Màmá níwájú, tèmi lẹ́yìn, ráàpù ọmọbìnrin náà láàárín. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, wọ́n ti ní kí n má lọ sí Flatbush mọ́.

Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó ń pín wa síṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Bronx ni wọ́n bí i sí. Ó pè mí lórí fóònù.

“Auntie, ẹ má bínú mà, family yẹn ti complain. Ẹ just kọ apology letter kí n fi sínú file yín. Mo lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà yín padà.”

Mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi pè mí padà.

“Auntie, Yorùbá lẹ kọ o!”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ni kí n wá fi ṣe nínú file?”

“Kọ́kọ́ kà á sókè fún mi ná.”

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ó ń tiro lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: “Èmi ni mo gbe orin Màmá. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú mi. N kò tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá tún lé e, n ó tún gbè é.”

Mo ń gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ó wá tún ìlà tó kẹ́yìn kà, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé àwọn yẹn dákẹ́.

“Mo ti fi sínú file, mà,” ó ní. “University Heights lẹ máa lọ tọ́jú ẹlòmíràn ní Monday.”