Tú Méjì Lẹ́yìn, Kí N Gbọ́ Ìparí Ẹ̀

Ẹni tó bá ń dirun, ojú ẹ̀ níṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ níṣẹ́, ìka ẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níṣẹ́. Etí nìkan ló jókòó lásán. Èmi ti wá iṣẹ́ fún etí tèmi, iṣẹ́ náà sì dùn ju oyin lọ! Pódikáàsì ni mo máa ń gbọ́, àwọn ètò tí èèyàn gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo lè ṣí lórí fóònù nígbà tó bá wù mí, tí mo lè dá dúró, tí mo lè dá padà sẹ́yìn bí mi ò bá gbọ́ ọ dáadáa. Rédíò kì í dúró de èèyàn. Èyí ń dúró dè mí.

Láàárọ̀, lórí sémíjàn, alùpùpù akérò tó ń gbé mi láti Godomey lọ síbi iṣẹ́, ti Faransé kan ni mo máa ń gbọ́. Ọkùnrin tó ń ṣe é á mú nǹkan kékeré kan ṣoṣo, iyọ̀ ni o, bọ́tìnnì ni o, abẹ́rẹ́ ni o, á wá sọ ibi tó ti wá àti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò mọ̀ rí pé abẹ́rẹ́ ní ìtàn! Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, gbogbo nǹkan tí mo bá rí lọ́nà ni mo máa ń wò pé, ìwọ náà, ibo lo ti wá?

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù, Yorùbá ni. Obìnrin kan tó wà ní òdì kejì ẹnubodè Sèmè ló ń ṣe é. Àwọn èèyàn á fi ọ̀ràn ilé wọn ránṣẹ́ sí i, á kà á. Kì í kánjú. Bó bá fẹ́ débi tó gbóná, á mí sínú, èmi náà á mí sínú, ọwọ́ mi á dúró lórí irun. Kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bó bá ti kà á tán, á kàn béèrè pé, "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?" Ó tán nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mi ò rí olùkọ́ tó bi mí bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé èmi náà ní nǹkan tí mo lè sọ.

Tàńtí ò fẹ́ rí okùn etí tí mo fi ń gbọ́ ọ sójú. Tàńtí ni ọ̀gá mi, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù irun tí mo wà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti gba òmìnira iṣẹ́, mo sì dúró tì í. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó wá dirun, ọ̀rọ̀ ló bá wá. Bó o bá dí etí ẹ, ta ló máa dá a lóhùn? Ògiri?" Ó ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n kó ìyarun mi máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni mò ń wá ojúure ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń lo àga ẹnu ọ̀nà ti bá ọkọ ẹ̀ kó lọ sí Ekpè, àga náà sì ṣófo. Kì í ṣe àga lásán o! Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọjá ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Ibẹ̀ náà ni ihò iná kan ṣoṣo tó ṣeé fi gba iná sí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù wà. Àwa mẹ́ta la ń fojú sí i, èmi sì wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi. Tàńtí ò tíì sọ ẹni tó máa fún.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá. Ìyá kan jókòó síwájú mi, ọmọ Pobè, aṣọ ló ń tà, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Irun dídì wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní ráàsítà ló fẹ́. Tàńtí ti lọ ra mẹ́ṣì, irun tí a fi ń kún irun. Mo bá rọra ki okùn etí kan bọ abẹ́ gèlè mi. Etí kan fún pódikáàsì, etí kan fún màmá.

Màmá ń ro ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, tó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun wá lò, tó ti lo oṣù mẹ́ta. Ní etí kejì, ọkùnrin kan ti purọ́ fún àna ẹ̀ pé òun rìnrìn àjò, àna sì já wọlé lójijì, ọkùnrin náà bá sá wọ ilé ewúrẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Màmá yí orí padà, ìlà tí mo ń pín bàjẹ́.

"Mo ní mo sunkún títí ojú mi wú, ìwọ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ dákun, màmá. Kì í ṣe tiyín. Ẹnì kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ létí."

"Àǹjọ̀nú?"

"Rárá o! Inú fóònù ni. Ọkùnrin kan ló sá pa mọ́ sínú ilé ewúrẹ́ nítorí àna ẹ̀."

"Ewúrẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò tíì débẹ̀."

"Fi sí gbangba. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀ràn tó dùn ju tèmi lọ."

Mo gbé fóònù sínú abọ́ ike tó ṣófo kí ohùn ẹ̀ lè ròkè, mo sì dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Kíá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Àwa tí a máa ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà! Bí Tàńtí ṣe wọlé pẹ̀lú àpò mẹ́ṣì lọ́wọ́, ó dúró gbagidi.

"Ta ló kú?"

Màmá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ọwọ́ ló kàn nà sókè. "Ẹ dákẹ́ ná! Ó ti fẹ́ jáde nínú ilé ewúrẹ́."

Tàńtí wo abọ́, ó wo okùn tó ń fì lọ́rùn mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò dáwọ́ dúró, nítorí ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ ẹ̀, Tàńtí fúnra ẹ̀ ló kọ́ ọ. Tàńtí gbé àpò mẹ́ṣì kalẹ̀. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn.

Irun tán, ìtàn ò tán. Mo gbé dígí fún màmá. Kò wò ó dáadáa tó fi ní:

"Méjì tó wà lẹ́yìn yìí ò dọ́gba."

"Wọ́n dọ́gba, màmá," ni ẹlẹgbẹ́ mi kan wí.

"Ṣé orí tìẹ ni? Ìwọ, tú méjì yẹn, kí o tún wọn dì. Rọra o. Mi ò kánjú."

Mo gbọ́ tí Tàńtí fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Mo tú méjì. Láyé mi, mi ò tíì dirun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin inú fóònù mí sínú, ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?" Ó sì dákẹ́.

Àriwo ta! Màmá ní òun á ti ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ mọ́ ọkùnrin náà ni, kó máa jẹ koríko. Ẹlẹgbẹ́ mi ní àna tó wá láìsọ ló jẹ̀bi. Tàńtí tó sọ pé kí n má fi fóònù dí etí, ohùn ẹ̀ ló ga jù:

"Ìyàwó ọkùnrin yẹn mọ̀ nípa ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀!"

Màmá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀?"

"Ó dáa." Tàńtí yíjú sí mi. "Ìwọ, dá a padà sẹ́yìn kí n gbọ́ ọ."

Mo mú fóònù, ojú ẹ̀ ti ṣókùnkùn. "Tàńtí, iná ti tán nínú ẹ̀."

Ó wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí èmi àti garawa omi wà. Ó fọwọ́ gbá àga ẹnu ọ̀nà pẹ́pẹ́.

"Ihò iná ò sí lẹ́yìn níbẹ̀. Kó ẹrù ẹ wá síbí."

Mo gbé ìyarun, mo gbé fóònù, mo sì gbé abọ́ ike náà.